Ìlà Mẹ́wàá, Eyín Mẹ́wàá

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àjà òkè àga kẹta tún ti ń jò bó ṣe jò lọ́dún tó kọjá, a sì tún ti gbé ike síbẹ̀ bí a ṣe gbé e síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn, àwọn méjìlá, ló dúró síwájú mi láàárọ̀ yìí, kóòtù wọn funfun báláú, ojú wọn ń tàn bíi ti ẹni tí kò tíì gbọ́ òórùn ẹnu ẹlẹ́nu rí. Mo pín káàdì iṣẹ́ fún wọn. Iye eyín tí kálukú gbọ́dọ̀ dí wà níbẹ̀, iye tó gbọ́dọ̀ yọ, eyín àtọwọ́dá onídajì méjì fún ẹni tó ṣì ní eyín díẹ̀, àti odindi kan, òkè àti ìsàlẹ̀, fún ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́. Ẹni tí ojú kan bá ṣófo lórí káàdì rẹ̀ kò ní jókòó ṣèdánwò.

Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ lọ́dọọdún. Ètò ìtọ́jú kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́wàá lọ. Kí ló ń ṣe aláìsàn, kí ló fẹ́, kí lẹ rí, kí lẹ máa ṣe, èwo ló máa ṣáájú. Ó tán. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ mi fìdí rẹmi nítorí pé wọ́n ń ròyìn fún àwọn olùdánwò bí ẹni ń pàlọ́. "Ẹ má rojọ́ fún mi," ni mo wí. "Eyín ni kẹ́ ẹ sọ."

Bí mo ṣe ń jáde, mo gbọ́ ohùn ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ẹ ò rí Ìyá Má-rojọ́." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwọn ti ọdún tó kọjá sọ mí burú ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ kẹjọ

Ìbọ̀wọ́ tún ti gbówó lórí. Wọ́n ní ká máa fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní méjì péré lójúmọ́, bí ẹni pé aláìsàn kan ṣoṣo ni eyín ń dùn láyé.

Èyí tó ga bí òpó nínú wọn bi bàbá kan léèrè, "Bàbá, ṣé ó dùn?" Bàbá ní, "Bó bá dùn, ṣé mo máa wá síbí?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó fi owó ara rẹ̀ ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Onítọ́ọ̀ṣì ni mo ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ṣubú lọ́dún tó kọjá ni. Òfin ilé ẹ̀kọ́ kò fàyè gba ẹ̀ẹ̀kẹta, nítorí náà bó bá tún ṣubú, ọdún mẹ́fà ti wọmi nìyẹn.

Òní ló mú aláìsàn rẹ̀ wá, ìyá àgbà kan tó ti tó àádọ́rin ọdún, aránṣọ, tí kò sì tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ. Mẹ́rin ló kù lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, iwájú ni gbogbo wọn wà. Méjì ti ìsàlẹ̀ ń mì. Ojú eyín méjì tó wà láàárín lókè ti jẹ wọnú díẹ̀. Màmá ní òun kò lè jẹ ẹran mọ́, àfi kí òun máa yí i kiri ẹnu bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbájáde fún un.

Onítọ́ọ̀ṣì kọ ojú ewé kan ààbọ̀ nípa obìnrin yìí. Ìlà mẹ́rin ni mo kà: ọkọ tó ti kú, ọmọ tó wà lókèèrè, ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo mú bírò pupa, mo fa ìlà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ "Àlọ́ rèé" sí ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ má bínú, ma," ló wí.

"Mi ò bínú. Mi ò fẹ́ kó o tún ṣubú ni. Ìlà mẹ́wàá."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Onítọ́ọ̀ṣì ti tún un kọ. Ìlà mẹ́wàá géérégé, ó mọ́ tónítóní. Ìlà kejì: ohun tí aláìsàn fẹ́, eyín tuntun. Ìlà keje: yọ eyín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí a sì ṣe odindi eyín àtọwọ́dá, òkè àti ìsàlẹ̀.

Mo ní, "Mẹ́jọ nínú eyín yìí lágbára ju tèmi lọ. Kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń lọ?"

Ó wolẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, mo bá ní kó mú káàdì rẹ̀ wá. Onídajì méjì ti pé níbẹ̀. Odindi nìkan ló ṣófo. Bó bá ṣe onídajì fún Màmá, Màmá á jẹun, káàdì ò ní kún.

"Aláìsàn là ń tọ́jú," ni mo wí, "a kì í tọ́jú káàdì. A kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Fọ erìgì rẹ̀ kó mọ́, yọ méjì tó ń mì, ṣe onídajì fún un."

"Ma, mo ti wá ẹni tí ò léyín títí. Mo lọ sí ilé àwọn arúgbó, wọ́n ní àwọn ọmọ ọdún kẹrin ti kó gbogbo wọn."

Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò rí ẹni tó ń sunkún nítorí pé eyín àwọn èèyàn kò tán lẹ́nu. Mo kọ "Kò tíì tó" sí i, mo dá a padà.

Ọjọ́ kejìlélógún

Olórí ẹ̀ka ránṣẹ́ pè mí. Ó ti gbọ́. Nǹkan kì í pamọ́ ní kíníìkì yìí àfi ìbọ̀wọ́.

Ó ní àwọn olùbẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lóṣù keje, bí àwọn méjìlá bá sì di mọ́kànlá, wọ́n á béèrè ibi tí ẹnì kan yòókù wà. Ó ní, "Dókítà, eyín màmá yẹn máa bọ́ lọ́jọ́ kan ṣáá ni."

Mo ní, "Gbogbo wa la máa kú lọ́jọ́ kan, ọ̀gá. A ò tíì tìtorí ìyẹn lọ kan pósí."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó ní ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, òun mọ̀ pé màá ronú sí i.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò látàárọ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ike abẹ́ àjà kún, nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ gbá a dànù sára bàtà mi. Onítọ́ọ̀ṣì tún mú ètò náà wá, mo tún dá a padà.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti buwọ́ lù ú.

Ọ̀sán ni, a fẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tábìlì mi, tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lórí rẹ̀, ó gbàgbé láti pa á, ìmọ́lẹ̀ náà wá ń ṣẹ́ mi lójú. Ó ní Màmá ti gbà. Mo ní n óò gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá fúnra rẹ̀. Mo lọ bá a lórí àga kejì.

"Màmá, ṣé ẹ gbà kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀?"

"Ohun tẹ́yin dókítà bá rí pé ó dáa ni," ló wí. "Ọmọ yìí ń ṣe dáadáa sí mi. Ẹ jẹ́ kó ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Mo padà sídìí tábìlì. Gbogbo ojú fọ́ọ̀mù ti kún, kò síbi tó ṣófo. Mo wo ọmọ tó wà nílẹ̀ yẹn, mo rò ó pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Eyín arúgbó ni, ayé ọ̀dọ́ ni. Mo buwọ́ lù ú, ó sì dìde, ó ń sọ ẹ ṣé, ẹ ṣé, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ nídìí oúnjẹ.

Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni màmá yẹn fẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Ó wà lórí ìwé."

Ó ní, "Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Wọ́n ti yọ ti òkè lọ́jọ́ ajé, wọ́n yọ ti ìsàlẹ̀ lónìí. Ọwọ́ Onítọ́ọ̀ṣì dára, kò kánjú, kò gbọ̀n. Méjì tó ń mì jáde bí ẹni tó ti di ẹrù sílẹ̀. Mẹ́jọ yòókù kò fẹ́ lọ. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún nínú egungun, mo sì ń sọ pé, "Ó ń ṣe dáadáa, rọra."

Màmá kò ké. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ béèrè eyín rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò bófin mu. Mo ní kí wọ́n fún un. Ó yọ àjákù aṣọ kan nínú báàgì, ó dì wọ́n síbẹ̀, ó ta á ní kókó.

Ọjọ́ ogún

Erìgì Màmá ń jinná. Ògì àti ọbẹ̀ lásán ló ń jẹ. Gíga bí òpó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ nímú. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣe é.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá Onísìmẹ́ńtì pè mí sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń da sìmẹ́ńtì funfun sínú ohun tí a bá tẹ̀ lẹ́nu aláìsàn, òun náà ló ń to eyín àtọwọ́dá. Ó ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Ẹnu Màmá ti àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó yọ eyín, kó lè fi ṣàwòkọ.

"Dókítà, ẹ wo ojú eyín méjì yìí. Ẹ rí bó ṣe gé wọnú tín-ín-rín? Òwú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mi náà ní irú ẹ̀."

Mo gbà á. Mo wò ó lábẹ́ iná. Nígbà tó wà lẹ́nu, mo kà á mọ́ eyín tó jẹ lásán. Lórí sìmẹ́ńtì, kò sí itọ́, kò sí ètè, ojú òwú ni lóòótọ́, méjì, wọ́n kọjú sí ara wọn.

"Ṣé kí n ṣe é síbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó tẹ́jú," ni mo wí. "Àwọn olùdánwò á pè é ní àléébù."

"Mo kàn ní kí n sọ ni, torí ó lè jẹ́ pé—"

"Bàbá, ẹ má rojọ́."

Ó kọjú síṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé, mo sì ń sọ fún ara mi pé aránṣọ wo ni kò ní àlùmọ́gàjí?

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Eyín ti wọ ẹnu Màmá. Ó gún régé. Mi ò rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún mẹ́jọ. Wọ́n gbé dígí fún un, ó wo ara rẹ̀ títí, ó ní, "Ta nìyí?" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Gíga bí òpó yà á ní fọ́tò. Mo buwọ́ lu ojú tó ṣófo lórí káàdì Onítọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ìdánwò ti parí. Onítọ́ọ̀ṣì ka ìlà mẹ́wàá rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Èyí tó le jù nínú wọn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Ọmọ náà nawọ́ sí mi. Àwọn méjèèjìlá ló yege. Olórí ẹ̀ka bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú àwọn olùbẹ̀wò.

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Màmá wá kí a wo erìgì rẹ̀. Ibì kan ń ha á nísàlẹ̀, mo fá a díẹ̀, ó ní ó ti dáa. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó rí àpò kóòtù mi tó ti ya láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà ńlá báyìí! Ẹ bọ́ ọ wá."

Mo ní kó má ṣe wàhálà. Ó ti fa abẹ́rẹ́ yọ nínú báàgì. Ó di abẹ́rẹ́ náà mú jìnnà réré sójú kó tó rí ihò rẹ̀, ìka rẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún òwú. Ó rán an, ó rán an dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré. Nígbà tó dé òpin, ó tẹrí ba, ó gbé òwú sẹ́nu.

Eyín ìsàlẹ̀ gbéra. Ó fi ahọ́n tì í padà, ó tún gé e. Òwú yọ̀ kọjá. Ó gbìyànjú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó wá fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.

"Mo máa ń gbàgbé," ló wí.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá àlùmọ́gàjí."

"Ẹ fi sílẹ̀. Ojú mi ò ríran sún mọ́ aṣọ mọ́, dókítà. Mo ti fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Mo ti ń dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn báyìí. Eyín yẹn lojú mi níbẹ̀. Bí mo bá ti gbé e síbẹ̀, mo mọ ibi tí òwú pin."

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

"Mo sọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo sọ fún ọmọ yẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ojú mi ló ṣe kọ ọ́." Ó ká òwú rẹ̀. "Mo wá rò ó pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé ti rò ó mọ́ ọn. Ẹ má bá a wí o. Ó yege, àbí?"

"Ó yege."

"Ọpẹ́ ni."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti lọ wá fáìlì náà. Ìwé àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, wọ́n fi ìkọ́ so ó mọ́ ẹ̀yìn àwọn yòókù. Ìlà kọkànlá: *Màmá ní ojú òun ti ń bàjẹ́, nítorí náà eyín iwájú ni òun fi ń gé òwú. Ó ní kí a dákun má fọwọ́ kan méjì ti àárín lókè àti méjì tó kọjú sí wọn, torí iṣẹ́ ọwọ́ òun ló wà níbẹ̀. Àwọn tó kù, ó ní a lè ṣe wọ́n bó bá ṣe wù wá.*

Bírò pupa mi gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó tọ́ gbọnrangandan, mi ò tilẹ̀ gbọ̀n nígbà tí mo ń fà á.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo bẹ Bàbá Onísìmẹ́ńtì pé ṣé kò lè gbẹ́ ojú òwú náà sórí eyín tuntun báyìí. Ó gbé ẹnu Màmá ti àtijọ́ wò fún mi, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ohun tí kò ní gbòǹgbò ò lè gé òwú." Ó lè sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò rojọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Onítọ́ọ̀ṣì wá gba káàdì rẹ̀, kó sì dágbére. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ síbì kan. Mo gbé ìwé àkọ́kọ́ náà síwájú rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó wò ó. "Mo kọ ọ́, ma."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta lo mú ètò wá. Ṣé o ò lẹ́nu ni?"

Ó kúnlẹ̀. Omi ti wà lójú rẹ̀. "Ẹ ní kí n má rojọ́, ma. Èmi náà sì... èmi náà fẹ́ kí káàdì mi kún."

Bó bá bú mi ni, ara ìbá tù mí. Kò bú mi. Mo wá ìbínú tí mo fẹ́ fi bá a wí, mi ò rí i, nítorí pé ohun tó ṣe ni mo kọ́ ọ. Mo ní kó dìde, mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́ tuntun. Ó lọ.

Mo lọ bá olórí ẹ̀ka pé kí a fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù: kí ni aláìsàn ń fi eyín rẹ̀ ṣe? Ó ní èrò tó dáa ni, ṣùgbọ́n ti ọdún yìí ti jáde nílé ìtẹ̀wé.

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Àwọn ọmọ tuntun ti dé. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Àjà ṣì ń jò.

Olórí ẹ̀ka ti fi férémù sí fọ́tò ẹnu Màmá, ó gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí wọ́n ti ń wọlé, kí àwọn olùbẹ̀wò lè máa rí i. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù lọ́dún yìí, wọ́n sì kọ orúkọ mi, ẹni tó buwọ́ lù ú. Mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó rò pé ìtìjú ni.

Mo wọ kóòtù mi. Òwú tí Màmá fi sílẹ̀ lára àpò ṣì ń rọ̀ níbẹ̀, mi ò tíì gé e.

Gbogbo wọn dúró yí fọ́tò náà ká. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kékeré kan tó ti mú ìwé àti bírò dání, yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, kí ni màmá yìí gan-an fẹ́ nígbà tí wọ́n wá?"

Àwọn mẹ́rìnlá wò mí. Mo la ẹnu. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́kàn mi, láti ìlà kìíní dé ìlà kọkànlá. Olórí ẹ̀ka dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Eyín tuntun," ni mo wí, ọmọ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀.